Ẹ Fún Mi Lọ́wọ̀ Mi: Ọdún Mẹ́tàlá Tí Mo Fi Ṣọ́ Àmì Ohùn

Àgbà ló máa ń sọ ìtàn iṣẹ́ tó fi ayé rẹ̀ ṣe, èmi kì í sì í ṣe àgbà. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí mo kọ́, tí mo fi ọdún mẹ́tàlá ṣe, ti kú kí n tó hu ewú kan ṣoṣo. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá ti kú, ó ti fẹ̀yìn tì nìyẹn, ì báà ṣe ọmọdé. Ẹ jẹ́ kí n jókòó sórí àga àgbà fún ìgbà díẹ̀, ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń ronú iṣẹ́ tí ẹ máa kọ́. Ẹnu mi kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀, láti kékeré ni ojú ti ń tì mí láàárín èèyàn. Ọwọ́ mi ló gba ọ̀rọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ ọ́. Inú sì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́, kí ẹ má wá sọ pé n kò sọ fún yín.

Iṣẹ́ náà kò lórúkọ tí ẹ máa mọ̀. Ẹ wò ó báyìí: ọ̀rọ̀ kan wà tó jẹ́ pé bí ẹ bá ti gbọ́ ọ, ẹ ti mọ ẹni tó ni ín, bí ìgbà tí ẹ rí ojú rẹ̀. Fọ́kanáísà kan wà lẹ́bàá ọ̀nà ní Mowé, bó bá ti fẹ́ táyà oníbàárà tán, á nu ọwọ́ sí ṣòkòtò, á ní, "Afẹ́fẹ́ ni gbogbo wa." Gbogbo ọlọ́kadà Mowé ló mọ̀ ọ́n. Bí ẹnì kan bá kú, wọ́n á ní afẹ́fẹ́ ni gbogbo wa. Bí ẹnì kan bá ra mọ́tò tó wá ń yan, wọ́n á ní afẹ́fẹ́ ni gbogbo wa. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá mi ń pè ní ọ̀rọ̀ àfimọni, ọ̀rọ̀ tí a fi ń mọ ẹni. Iṣẹ́ wa ni pé kí á máa wá wọn kiri, kí á gbà wọ́n sílẹ̀, kí á túmọ̀ wọn sí Gẹ̀ẹ́sì, kí á sì tò wọ́n síbi tí ẹni tó bá ń wá wọn á ti rí wọn, yálà orúkọ ẹni tó sọ ọ́ ló mú wá, tàbí ìlú, tàbí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀. Àká ni ọ̀gá mi ń pe ibẹ̀. Àgbàdo ni àwọn tó kù ń kó sínú àká, ọ̀rọ̀ ni àwa ń kó sí i.

Ọ̀gá mi ni Bàbá Láyíwọlá, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ará ìhà Ìsẹ́yìn, tó gba yàrá méjì sẹ́yìn sọ́míìlì kan ní Ìbafò. Ìyá mi ló ń bá a fọṣọ. Nígbà tí bàbá mi dùbúlẹ̀ àìsàn tí mo sì dúró ní kíláàsì kejì girama àgbà, ìyá mi mú mi lọ síbẹ̀ pé kí n máa bá a nu tábìlì. Owó tó ń san kò tó nǹkan, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Ọjọ́ kẹta ni Bàbá bojú wò mí lórí gíláàsì rẹ̀.

"Ṣé ọmọ yìí kì í sọ̀rọ̀ ni?"

Ìyá mi ní, "Ẹ má bínú, sà. Bó ṣe wà nìyẹn. Ojú ló ń tì í."

"Ta ló ń bínú? Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ pọ̀ nílẹ̀ yìí. Ẹni tó máa gbọ́ ọ ni mò ń wá."

Bí mo ṣe di ọmọ iṣẹ́ nìyẹn.

Oṣù mẹ́fà gbáko, Bàbá kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan bírò. Gbígbọ́ ni mò ń gbọ́. Á jókòó sẹ́yìn mi, á sọ ọ̀rọ̀ kan, á ní kí n sọ ohùn rẹ̀ padà láì la ẹnu, nínú imú nìkan. Dò, re, mí. Bí mo bá ṣì í, á fi rúlà gbá tábìlì, gbàì! Sọ́míìlì ń hó lẹ́yìn ilé, bẹ́ẹ̀ ni èmi ń kùn bí oyin nínú yàrá. Àwọn ọmọ sọ́míìlì rò pé orí mi kò pé. Wọ́n á ní, "Àǹtí oníhùn-hùn, ẹ káàárọ̀ o." Èmi á yára wọlé.

Bàbá máa ń sọ pé, "Àmì ohùn kì í ṣe yẹtí tí ọ̀rọ̀ fi sétí. Eegun rẹ̀ ni. Bí o bá yọ ọ́, ẹran lásán lo kù sọ́wọ́."

Lẹ́yìn náà ló tó kọ́ mi ní káàdì. Ìlà méje ló wà lórí káàdì kan. Ìlà kìíní, ọ̀rọ̀ náà gan-an pẹ̀lú àmì. Ìkejì, ẹni tó ni ín. Ìkẹta, ibi tó ti sọ ọ́. Ìkẹrin, ohun tó fà á tó fi sọ ọ́, àti ẹni tó wà níbẹ̀. Ìkarùn-ún, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀. Ìkeje, orúkọ èmi tí mo gbà á sílẹ̀, kí wọ́n mọ ẹni tí wọ́n máa mú. Mo fo ìkẹfà. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fò ó ni, torí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Ohun tí Bàbá kọ sí iwájú ìlà kẹfà ni "Ohun tó ṣẹ́kù."

Mo bi í pé kí ni ohun tó ṣẹ́kù.

Ó ní, "Gẹ̀ẹ́sì ajere ni fún ọ̀rọ̀ tiwa. Bí o bá da ọ̀rọ̀ sínú ajere, nǹkan á jò. Ẹni tó bá sọ fún ọ pé òun túmọ̀ ọ̀rọ̀ tí nǹkan kan kò jò, olè ni. Ohun tó bá jò, gbé e sí ìlà kẹfà."

Wọ́n máa ń pa á lówe pé bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Bàbá kò fẹ́ gbọ́ òwe yẹn nínú yàrá yẹn. "Lọ́dọ̀ tèmi, bí wọ́n bá ṣe rán ọ ni kí o ṣe jẹ́ ẹ. Ìwọ kọ́ lo ni ín."

Ẹ gbọ́ bó ṣe le tó. Obìnrin kan ń ta ìrẹsì ní Ọ̀fàdà nígbà náà. Bí oníbàárà bá ṣàròyé pé òkúta ti pọ̀ jù nínú ìrẹsì rẹ̀, á ní, "Òkúta inú rẹ̀ kò tó ti ọkàn yín." Ọ̀rọ̀ yẹn ni káàdì àkọ́kọ́ tí mo dá kọ. Ayọ̀ kò jẹ́ kí n wò ó dáadáa, mo kọ "ọ̀kan" síbi tó yẹ kí "ọkàn" wà. Bàbá kà á, ó yọ gíláàsì.

"Ọ̀kan wo? Ọ̀kan nínú kí ni?"

Ó ti káàdì náà padà sí mi.

"Padà sí Ọ̀fàdà. Kúnlẹ̀ fún obìnrin náà, sọ fún un pé o ti ba ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́. Kó tún un sọ."

Mo lọ. Mo kúnlẹ̀ síwájú àpò ìrẹsì, ẹkún ń bọ̀. Obìnrin náà wò mí títí.

"Ìwọ ọmọ yìí, láti Ìbafò lo ti wá, nítorí àmì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ta ló rán ọ?"

"Bàbá Láyíwọlá ni, mà. Ọ̀gá mi."

"Padà lọ bá a. Sọ fún un pé òkúta tó wà lórí tiẹ̀ náà kò kéré."

Mo kọ ìyẹn náà sílẹ̀, mo sì fi àmì sí i pé pérépéré. Nígbà tí Bàbá kà á, ó rẹ́rìn-ín títí tí ikọ́ fi mú un, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e sínú Àká. Láti ọjọ́ náà, n kò ṣi àmì mọ́.

Ẹ má rò pé ìyà ni mo ń kà. Inú mi dùn sí iṣẹ́ yẹn. Mo rí i pé ojútì mi tí gbogbo ẹbí fi ń bú mi, irinṣẹ́ ni. Bí mo bá jókòó sí ìdí búkà tàbí ibi tí wọ́n ti ń dúró de ọkọ̀, kò sẹ́ni tó ń kà mí sí. Wọ́n á máa sọ̀rọ̀ bí ẹni pé àga lásán ni mí. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ gidi ti ń jáde.

Ọdún kẹrin iṣẹ́ mi ni mo rí Ìyá Ọlọ́wọ̀ ní Ìfọ̀. Òun ló ń gbá gáréèjì. Kó tó di pé ọkọ̀ àkọ́kọ́ kún láàárọ̀, ó ti gbá ibẹ̀ mọ́ bí iwájú ilé ìyàwó tuntun. Ìgbálẹ̀ ni èmi àti ẹ̀yin ń pe ohun tí a fi ń gbálẹ̀, ṣùgbọ́n àgbà ni Ìyá, ọwọ̀ ló ń pè é, bí àwọn àgbà ṣe ń pè é. Ọwọ̀ tirẹ̀ ga tó èjìká rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló hun ún mọ́ igi. Ọ̀rọ̀ awakọ̀ kan ni Bàbá rán mi wá gbà lọ́jọ́ náà, mo jókòó sí abẹ́ igi kan, tí ẹnikẹ́ni kò rí mi.

Awakọ̀ kan tó ń jẹ́ Sùlé, aláwàdà ni, gbé ọwọ̀ Ìyá pamọ́ sábẹ́ ọkọ̀ rẹ̀. Ìyá ń wá a kiri, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Awakọ̀ kejì wá ju èèpo ọsàn sí ibi tí Ìyá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá, ó ní, "Ẹrú gáréèjì, òmíràn nìyí o." Ẹ̀rín dáwọ́ dúró. Ọ̀rọ̀ ẹrú yẹn kọjá eré. Ìyá dìde dúró, ó lọ sí iwájú ọkọ̀ Sùlé, ó na ọwọ́ méjèèjì jáde bí ẹni tó fẹ́ gba ọmọ.

Ó ní, "Ẹ fún mi lọ́wọ̀ mi!"

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ èdè, ẹ ti gbọ́ ọ. Ọwọ̀ tí wọ́n gbé pamọ́ ni, ọ̀wọ̀ tí wọ́n kò fún un náà ni. Bí a bá pe méjèèjì lọ́tọ̀, ohùn wọn yàtọ̀. Bí "fún mi ní" bá ti gbá wọn mú, ọ̀kan náà ni wọ́n dà lẹ́nu.

Sùlé, tí àwàdà kì í tán lẹ́nu rẹ̀, ní, "Èwo nínú ẹ̀, Ìyá?"

Ìyá ní, "Méjèèjì!"

Gáréèjì hó yèè. Sùlé fa ọwọ̀ jáde, ó dọ̀bálẹ̀ lórí èèpo ọsàn. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Kò pé oṣù méjì tí ọ̀rọ̀ náà fi gba Ìfọ̀ kan. Ọmọ ilé ìwé tí wọ́n bá rẹ́ jẹ á ní, "Ẹ fún mi lọ́wọ̀ mi," àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á ní, "Èwo nínú ẹ̀?" gbogbo wọn á wá pariwo pé, "Méjèèjì!" Ìyàwó ń sọ ọ́ fún ọkọ. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu oníwàásù. Ibẹ̀ sì ni wọ́n ti sọ obìnrin náà ní Ìyá Ọlọ́wọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀ bóyá onígbálẹ̀ ni wọ́n ń pè é ni àbí ẹni tó níyì.

Òfin Bàbá ni pé a kò gbọdọ̀ gbé káàdì wọ Àká láì kọ́kọ́ kà á fún ẹni tó ni ọ̀rọ̀. Mo padà lọ kà á fún Ìyá. Kò mọ̀wé. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán.

"Kí ni òyìnbó máa pè é?"

Mo ṣàlàyé pé òyìnbó kò ní ọ̀rọ̀ kan tó lè gbé méjèèjì, pé a ti kọ ìgbálẹ̀ sí ìlà ti Gẹ̀ẹ́sì, a sì ti kọ iyì sí ìlà ohun tó ṣẹ́kù, kí ẹni tó bá ń kà á lè kà á pọ̀.

Ó ní, "Ṣé kò ní sọ ọ̀kan nù lọ́nà?"

"Kò ní sọ ọ́ nù, mà."

"Ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀ o."

"Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀, mà."

Ẹ bá mi fi ọwọ́ mú ọ̀rọ̀ yẹn.

Irinṣẹ́ ń yí padà bí ọdún ṣe ń lọ. Téèpù ni a kọ́kọ́ ní, tó máa ń jẹ okùn. Fóònù dé, mo lè gba ohùn àti àwòrán pọ̀, mo sì padà lọ ya àwòrán Ìyá Ọlọ́wọ̀, ó tún na ọwọ́ méjèèjì bó ṣe nà án lọ́jọ́ náà. Bàbá ra kọ̀ǹpútà àlòkù, a bẹ̀rẹ̀ sí í da káàdì sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́wàá lóòjọ́, torí àmì ń gba àsìkò. Bàbá kò kánjú. "Àká kì í kún lọ́jọ́ kan." Ṣùgbọ́n àìsàn kò bá a dúró. Rọpárọsẹ̀ mú apá ọ̀tún rẹ̀ àti ahọ́n, àwọn ọmọ rẹ̀ gbé e lọ sílé. Ẹni tó mọ ohùn gbogbo ọ̀rọ̀ kò lè pe orúkọ ara rẹ̀ mọ́. Káàdì tí a kò tíì dà sínú kọ̀ǹpútà ṣì kún páálí mọ́kànlá.

Kúnlé, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ló wá jogún iṣẹ́ náà. Ilé rẹ̀ wà ní ẹsítéètì kan lọ́nà Èkó, ó mọ kọ̀ǹpútà bí ẹni mọ owó. Kì í ṣe ènìyàn burúkú, ẹ má jẹ́ kí n purọ́ mọ́ ọn. Ó máa ń kí mi. "Àǹtí Àmì, báwo ni?" Ṣùgbọ́n kò tíì lo ọ̀sẹ̀ kan tó fi sọ pé àmì ń dí iṣẹ́ lọ́wọ́.

"Bí èèyàn bá ń wá ọ̀rọ̀, kò ní tẹ àmì. Ẹ̀rọ ò wá ní rí i. Ẹ jẹ́ ká yọ gbogbo ẹ̀, jọ̀ọ́."

Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Mo mọ èsì rẹ̀, ó wà lórí ahọ́n mi: a lè tọ́jú méjèèjì, kí èyí tí kò lámì máa bá wa wá ọ̀rọ̀, kí èyí tó lámì máa jáde. Ẹ̀yin àbúrò mi, n kò sọ ọ́. Ojú tì mí. Mo ní, ta ni mo jẹ́, èmi tí mo dúró ní kíláàsì kejì, tí mo máa kọ́ ọ̀mọ̀wé ní iṣẹ́? Inú ń bí mi sí Kúnlé, ṣùgbọ́n èyí tó ń bí mi sí ara mi ló pọ̀ jù.

Ó dé orí ìlà kẹfà. "Kí lèyí? Ohun tó ṣẹ́kù? Bó bá ṣẹ́kù, ṣebí ẹ máa dà á nù ni."

Ó rẹ́rìn-ín, ó pa á rẹ́. Ohun tí a fi ọ̀pọ̀ ọdún kó jọ, ìka kan ló fi pa á rẹ́. Ó pa ìlà kẹrin rẹ́ pẹ̀lú, ó ní ìtàn ti gùn jù. Gẹ̀ẹ́sì tí Bàbá fi ọwọ́ kọ, ó ní kò rọrùn láti kà, ó jẹ́ kí ẹ̀rọ túmọ̀ gbogbo rẹ̀ lákọ̀tun. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi parí páálí mọ́kànlá. Ó ní kí n yọ̀.

Ó wá gbé Àká náà fún àwọn kan tó ń ṣe àwòrán tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ lórí fóònù. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀rọ̀ Ìyá. Ẹ yọ àmì òkè, ẹ yọ àmì abẹ́, ẹ wo ohun tó kù lọ́wọ́ yín. Owó ni ẹ̀rọ kà. Àwòrán Ìyá tí èmi fúnra mi yà, tó na ọwọ́ méjèèjì jáde, ni wọ́n gbé síbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì sì wà lábẹ́ rẹ̀ gàdàgbà pé kí wọ́n fún òun lówó òun. Ọwọ́ tó na láti gba iyì ti di ọwọ́ alágbe. Àwòrán náà ń lọ láti fóònù dé fóònù. Àwọn tí kò mọ Ìfọ̀ rí ń fi rẹ́rìn-ín.

Èrò ọkọ̀ tó ń kọjá wá ń dá Ìyá mọ̀. "Ìyá elówó nìyí!" Wọ́n á ju náírà sílẹ̀ síbi tó ń gbá, wọ́n á gbé fóònù sókè láti ká a sílẹ̀. Ìyá ń gbá owó náà pọ̀ mọ́ pàǹtí, kò wo ojú wọn. Alága gáréèjì, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yàn, tí kì í ṣe ará Ìfọ̀ tẹ́lẹ̀, ní obìnrin yìí ń ṣagbe ní gáréèjì òun, ó ń bà wọ́n lórúkọ jẹ́. Ó gba ọwọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kó máa lọ sílé. Lẹ́yìn ọdún tí kò sẹ́ni tó lè kà.

Sùlé ló pè mí. Nọ́ńbà mi wà lọ́wọ́ rẹ̀ látọjọ́ tí mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹlẹ́rìí. "Àǹtí, ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ kọ ti lé Ìyá wa níbi iṣẹ́ o."

Mo tọ Kúnlé lọ. Mo ti sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tán nínú ọkàn mi kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí mo débẹ̀, mo gbé fóònù síwájú rẹ̀, ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Kì í ṣe owó, sà."

Ó wò ó. "Kí wá ni?"

"Ọwọ̀ ni."

"Kí ni wọ́n ń pè ní ọwọ̀?"

"Ìgbálẹ̀, sà."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ìgbálẹ̀! Àǹtí Àmì, ta ló ń pe ìgbálẹ̀ ní ọwọ̀ láyé yìí? Ẹ wò ó, ti owó yẹn gan-an ló dùn. Àwọn èèyàn fẹ́ràn ẹ̀."

"Wọ́n ti lé ìyá náà lẹ́nu iṣẹ́, sà."

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀. "Ẹ̀yà, ìyẹn ò dáa. Màá tún un ṣe nínú fáìlì. Ṣùgbọ́n èyí tó ti jáde ti jáde, kò sóhun tí mo lè ṣe sí i. Àmì kékeré yìí náà ni?"

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Èyí kò tiẹ̀ bọ́, wọ́n là á mọ́lẹ̀ ni, wọ́n tún ní kí ẹlẹ́yin wá rẹ́rìn-ín. Mo wọ yàrá ẹ̀yìn lọ, mo tú páálí, mo yọ káàdì Ìyá tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ, mo sì jáde. Ọjọ́ tí mo parí iṣẹ́ nìyẹn. Kò sẹ́ni tó kí mi kú iṣẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo dé gáréèjì Ìfọ̀. Sùlé ti mú Ìyá wá, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìjọ́sí, ọwọ́ lórí itan. Alága wà lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀ láàárín àwọn ọkùnrin bíi mẹ́jọ. Mo lọ kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé káàdì fún un, mo rò pé káàdì máa bá mi sọ ọ́.

Ó gbé e sókè, ó kà á sókè: "Ẹ fún mi lówó mi." Ó wo àwọn tó yí i ká. "Ṣé ẹ rí i? Ohun tó wà nínú fóònù náà ló wà níbí. Kí lẹ tún fẹ́ kí n ṣe?"

Àmì wà níbẹ̀ o. Ojú rẹ̀ ló fo gbogbo rẹ̀, torí ó ti mọ ohun tó máa kà kó tó kà á. Mo bojú wo Ìyá. Èmi ló ń wò. Mo rántí pé èmi ni mo sọ pé kò ní sọ ọ̀kan nù.

Mo ní, "Rárá, sà."

"Kí lẹ wí?"

"Àmì wà lábẹ́ rẹ̀, sà. Méjì ni. Ẹ fi ìka kàn án."

Ó fi ìka kàn án lóòótọ́. "Ìwọ̀nyí? Mo rò pé ìgbẹ́ eṣinṣin ni."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló ṣe é. N kò mọ ibi tí ohùn náà ti wá. Mo dìde lórí eékún mi, mo la ẹnu tí mo ti ń pa mọ́ láti kékeré, mo sọ ọ́ bí Ìyá ṣe sọ ọ́, ohùn lórí ohùn, bí Bàbá ṣe kọ́ mi:

"Ẹ fún mi lọ́wọ̀ mi!"

Gbogbo gáréèjì yíjú. Láàárín ọkọ̀, Sùlé dáhùn, "Èwo nínú ẹ̀?"

Àwọn awakọ̀, àwọn ọmọ ọkọ̀, àwọn tó ń ta omi, àwọn ọmọ ilé ìwé tó ń dúró de ọkọ̀, gbogbo wọn pa pọ̀ pé, "Méjèèjì!"

Mo kọjú sí alága. "Ṣé oríṣi owó méjì ló wà ni, sà?"

Sùlé bọ́ síwájú, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní òun ni òun gbé ọwọ̀ pamọ́ lọ́jọ́ náà, orúkọ òun wà lórí ìlà kẹrin, kí wọ́n kà á. Wọ́n kà á. Alága họ orí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, irú èyí tí èèyàn fi ń bo ojú. Ó ní kí wọ́n lọ gbé ọwọ̀ wá.

"Ó ti tán, Ìyá. Ẹ gba ọwọ̀ yín, ẹ máa báṣẹ́ yín lọ. Ẹ má jẹ́ á sọ ọ́ di ńlá."

Ìyá gbà á. Ó yí i wò, ó fọwọ́ tọ́ ibi tó ti hun ún mọ́ igi. A ń retí kó yọ̀.

Ó ní, "Ọwọ̀ ti dé. Ọ̀wọ̀ ńkọ́?"

Ó dúró pẹ́, ó fún wọn láyè dáadáa. Nígbà tí kò gbọ́ nǹkan kan, ó fi ọwọ̀ ti ẹnu ọ̀nà alága, ó tún ìborùn rẹ̀ so, ó sì rìn lọ sílé.

Kò tíì padà. Ọwọ̀ náà ṣì wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó lè gbé e. Ẹ lọ wo gáréèjì Ìfọ̀ lónìí, ẹ máa rí bí ìdọ̀tí ṣe ń ga.

Àwòrán yẹn náà ṣì ń lọ lórí fóònù. Kúnlé tún un ṣe nínú fáìlì bó ṣe ṣèlérí. Ó kọ ìgbálẹ̀ síbẹ̀. Ohun tó ṣẹ́kù ti ṣẹ́kù.

Ní báyìí, ọ̀dà ni mo fi ń jẹun. Mò ń kọ ọ̀rọ̀ sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ Márúwá àti sára ṣọ́ọ̀bù ní Mowé. Bí oníbàárà bá ní kí n yọ àmì kí ọ̀dà má baà tán, mo máa ń sọ fún un pé kó wá ẹlòmíràn. Mo ń sọ ọ́ jáde lẹ́nu.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá iṣẹ́, n kò ní sọ fún yín pé kí ẹ kọ́ irú tèmi, irú tèmi kò sí mọ́. Káàdì kan ni mo tún kọ lẹ́yìn tí mo kúrò níbẹ̀, òun ni ìgbẹ̀yìn. Ìlà kìíní: "Ọwọ̀ ti dé. Ọ̀wọ̀ ńkọ́?" Mo kọ ẹni tó ni ín, mo kọ ibi tó ti sọ ọ́, mo kọ orúkọ gbogbo ọkùnrin tó dákẹ́. Mo kà á fún Ìyá nínú yàrá rẹ̀, ó ní ó pé. Mo fi ìlà Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ lófìfo. Ìlà kẹfà ni mo kọ kún títí dé etí.